Etí Tí Ọdẹ́rìnlọ Fi Dógò Lẹ́nu Ọ̀nà Ikú

Ẹ bá mi gbé àpótí yẹn wá kí n fi jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí, àgbà kì í sọ ọ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun máa ń tòògbé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kó jìnnà sí iwájú mi, nítorí èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wúkọ́ sí ẹfọ̀n nínú igbó, tí ẹfọ̀n jókòó sílẹ̀ tó ń bẹ̀ mí pé kí n fi orí jin òun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ara mi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí ìtàn ara mi dùn. Ìtàn ọ̀gá mi ni, ọ̀gá tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, Ọdẹ́rìnlọ ọmọ Àwẹ̀ró, ará Òkè-Amọ̀. Etí òsì ọ̀gá mi rí bí etí tèmi àti tiyín, ṣùgbọ́n etí ọ̀tún rẹ̀ fẹ̀ tó ewé kókò. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó sì jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín náà tẹ́rùn kó tó sọ bí etí ọ̀hún ṣe débẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́rìnlọ, ni àgbà gbogbo amọ̀kòkò Òkè-Amọ̀. Bí ìkòkò tí obìnrin yìí mọ bá já bọ́ lórí àpáta, àpáta ni àwọn èèyàn máa ń kí pẹ̀lẹ́. Ó lẹ́nu, ó mọ ẹ̀fẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ṣẹ́gun rẹ̀ ní gbogbo ìlú. Nígbà tí ogbó dé, kókó kan yọ sí i ní ìbàdí. Kókó di egbò, egbò di iná tí kò ní èéfín. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n da agbo sí i lẹ́nu títí ikùn rẹ̀ fi ń ró, pàbó ló já sí. Bí wọ́n bá gbé e síhìn-ín, a ké. Bí wọ́n bá gbé e sọ́hùn-ún, a ké.

Ẹ sì mọ àṣà wa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàìsàn. Gbogbo ará àdúgbò ń wọlé kí i: “Ara á le, Màmá.” “Ẹ ó tún mọ ìkòkò.” Aláìsàn kì í dárúkọ ikú kí a jẹ́ kó délẹ̀. Bó bá ti ń ya ẹnu, ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ á ti pariwo “Èèwọ̀!”, á ta ìka yí orí ká, á ní Ọlọ́run má jẹ́. A rò pé ikú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń dúró kí ẹnìkan pe orúkọ òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó ní: “Rìnlọ, mo fẹ́ kú, ṣùgb—”

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde tán tí Ọdẹ́rìnlọ ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. “Èèwọ̀, Màmá! Ẹ má wí bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ẹ ò ní kú.” Ọdẹ́bùnmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu egbò náà, bú sẹ́kún. Àwẹ̀ró wo èkíní, ó wo èkejì, ó sì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, obìnrin tí gbogbo ìlú ń sá fún ẹnu rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkérora nìkan ló kù.

Ọdẹ́rìnlọ gba inú igbó lọ kó má baà gbọ́ ìkérora yẹn. Ó yìnbọn sí ẹtu kan, ìbọn bà á ní itan, ẹtu sì fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sá wọ inú ìgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ òfin wa: ẹran tí o bá ṣe lọ́gbẹ́, dandan ni kí o tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó bá dùbúlẹ̀ sí, kí o gbà á lọ́wọ́ ìrora. Ọdẹ tó bá fi ẹran ọlọ́gbẹ́ sílẹ̀ lọ sílé, a kì í bá a jẹun nínú àwo kan. Ọdẹ́rìnlọ bá ẹtu náà lábẹ́ igi, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó parí rẹ̀. Bó ti ń nu ọ̀bẹ sí ewé ni omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: “Mo ṣàánú ẹtu. Ìyá tó bí mi ń joró nílé, mo sì ń sọ fún un pé ara á le.”

Ó padà sílé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kò lè wọlé, kò sì lè yí padà. Ọdẹ́bùnmi ló bá a níbẹ̀.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Mi ò mọ̀.”

“Bí o bá fi kàn án, èmi àti ìwọ kì í ṣe ọmọ ìyá mọ́. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí.”

“Ọlọ́run náà ló ni ẹtu, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ẹtu kì í ṣe ìyá!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni Ọdẹ́bùnmi sọ, òótọ́ ni Ọdẹ́rìnlọ náà sọ. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá purọ́ ni, ǹ bá ti dìde lórí àpótí yìí kí n máa lọ.

Ọdẹ́rìnlọ ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi ẹnu kan irin ìbọn rẹ̀, ó búra pé òun yóò lọ bá Ikú nílé ara rẹ̀, òun yóò sì ní kó yan ọ̀kan: kó wá mú Àwẹ̀ró, tàbí kó bá òun gba ìrora kúrò lára rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi fi ọwọ́ lérí. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí, kí ọmọ máa lọ pe ikú wá bá ìyá rẹ̀. Ọ̀gá mi gbé àpò kọ́, ó fi ẹ̀yìn sí ìlú.

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ìkérora, níbi tí igi ti ń kérora bí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ẹni tó ni igbó náà ni Ìrora fúnra rẹ̀. Kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ, ṣùgbọ́n ibi tó bá tẹ̀, ilẹ̀ a rì. Ọ̀gá mi kì í bẹ̀rù. Ó gbé ìjálá sẹ́nu, ó ní:

Èmi Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Àwẹ̀ró amọ̀kòkò,
Ọmọ ìkòkò bọ́ lulẹ̀, àpáta ló fara pa.
Mo pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró,
Ẹkùn yà sínú koríko, ó ní n máa kọjá.
Ìwọ kúkúrú yìí, yà fún mi,
Kí n má baà fi ọ́ ṣe ìtìsẹ̀.

Ó yìnbọn. Ọta ìbọn dé ara Ìrora, ọta náà ké “Yéè!”, ó sì bọ́ sílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Kí ọ̀gá mi tó ki ìbọn mìíràn, Ìrora ti fò gùn ún ní ìbàdí, ó jókòó síbẹ̀. Ìgbà náà ni Ọdẹ́rìnlọ mọ ohun tó wà lára ìyá rẹ̀. Iná jó o láti ìbàdí dé àtàǹpàkò. Ó fi eyín gé koríko. Akọni ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun ìjálá la ẹnu, ohun tó sì jáde ni: “Ikú, níbo lo wà? Wá mú mi!” Ohun tó pè ní èèwọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, òun náà wí i, kò sì sí ẹni tó bò ó lẹ́nu.

Ìrora tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. “Já àlọ́ mi, n ó sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ kan wà, gbogbo ilé ló ń bá olóúnjẹ jẹ ẹ́, síbẹ̀ kò dín nínú àwo rẹ̀.”

Ọdẹ́rìnlọ rántí Ọdẹ́bùnmi tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó rántí ara rẹ̀ tó ń sá lọ sínú igbó. Gbogbo wọn ló ń jẹ nínú rẹ̀, Àwẹ̀ró kò sì rí ìrọ̀rùn kankan. Ó fi agbára káká sọ ọ́: “Ìwọ ni. Ìrora ni.”

Ìrora sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní: “Ìbọn kan kò lè pa mí. Ewé kan ṣoṣo ló ń mú mi sùn, ọwọ́ Agbọ́tán ló wà, obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ikú. Máa lọ, kí n má tún rí ọ níbí.” Ọ̀gá mi dìde, ó ń tiro, ó sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí Ìrora bá sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán a máa dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin.

Ó rìn títí ó fi dé ìlú kan tí kò ní ibojì, orúkọ ìlú náà ni Má-Lọ. Baálé kan tí wọ́n ń pè ní Ṣọ̀bándé gbà á sílé, ó gbé iyán kalẹ̀ fún un. Ọdẹ́rìnlọ gbójú sókè láti mi òkèlè, ó sì rí i pé àjà kún fún àwọn arúgbó. Wọ́n ti gbẹ bí ẹja orí àdògán, wọ́n ti kéré títí ẹni tó lè wọ inú agbọ̀n ti wà nínú wọn. Okùn wà ní ìdí oníkálukú, orí okùn náà sì wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Bí ọmọ bá ń jẹun, á fi ẹsẹ̀ tẹ okùn.

“Kí lèyí?” ni ọ̀gá mi wí.

“Ìfẹ́ ni,” ni Ṣọ̀bándé dáhùn, ó sì fa okùn tirẹ̀ díẹ̀ láti fi hàn. Lókè, arúgbó kan mí gúlegúle bí ẹni tí wọ́n fà jáde nínú odò. “Bàbá bàbá mi nìyẹn. Àwa kì í jẹ́ kí èèyàn wa lọ.”

“Ṣé ẹ ti bi í bóyá ó fẹ́ dúró?”

“Èwo ni ká bi í? Bó bá lọ, ta ni n ó máa pè ní Bàbá?”

Nígbà tí Ṣọ̀bándé bọ́ síta láti bu omi, ohùn kan bíi ti eṣinṣin ti òkè àjà wá. “Ọdẹ,” ló wí, “mo ti gbọ́ pé ọdẹ máa ń ní ọ̀bẹ. Má fi kàn mí. Fi kan okùn yìí nìkan.”

Ọdẹ́rìnlọ ronú díẹ̀, ó gun orí àpótí, ó gé okùn. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó na apá, ó yán, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” ó rìn jáde lọ dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi òdán tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló gbìn ín. Nígbà tí Ṣọ̀bándé fi máa dé, bàbá náà ti lọ, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. Gbogbo ìlú pariwo “Apànìyàn!”, wọ́n yọ àdá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o, bí ọ̀gá mi ti ń sáré kọjá láàárín ilé wọn, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ láti àjà dé àjà. Àwọn arúgbó ló ń pa á. Kó tó dé odi ìlú, ó ń gbọ́ okùn tó ń já lẹ́yìn rẹ̀, fàà, fàà, nílé lóko.

Ẹ rọra ṣe. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìlú tó tún dé, orúkọ rẹ̀ ni Ó-Tó.

Ó-Tó mọ́ tónítóní. Kò sí ìkérora níbẹ̀, kò sí egbò, ṣùgbọ́n kò sí irun funfun kan ṣoṣo. Inú ọ̀gá mi kọ́kọ́ dùn. Ó ní bí ìyá òun bá wà níbí ni, ìyà rẹ̀ ì bá ti tán. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó tó ń fẹ́ ẹ̀pà níwájú ilé wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Àwọn aládùúgbò bá jáde, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, ife lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ ayé, Ìyá Ẹlẹ́pà. Ó tó. A ti gbá yàrá yín.”

Ìyá Ẹlẹ́pà gba ife náà.

“Màmá,” ni Ọdẹ́rìnlọ wí, “ṣé ẹ fẹ́ ẹ?”

“Ọmọ mi, mi ò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.”

Obìnrin náà wo ojú àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó tún wo ọ̀gá mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Èèpo ẹ̀pà ló há mi lọ́fun,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo ṣì fẹ́ rí ẹ̀pà tọdún tó ń bọ̀.”

Ọdẹ́rìnlọ gbá ife náà dànù. Ilẹ̀ tó dà sí ṣú dúdú. Ó yọ kèrègbè rẹ̀, ó fún obìnrin náà lómi mu, èèpo ẹ̀pà sì jáde, kò ju èékánná ìka lọ. Ọ̀gá mi wá fi ohùn ọdẹ kígbe mọ́ wọn, gbogbo ìlú gbọ́ ọ: “Ẹ̀yin ará Ó-Tó, ojú tì yín! Ẹ fẹ́ rán èèyàn lọ sọ́run, ẹ ò sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀!” Ìyá Ẹlẹ́pà ti dìde. Ó mú ọkọ́, ó sì ń lé àwọn agbéfe kiri àgbàlá. Irun rẹ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, òun nìkan sì ló ní irun funfun ní ìlú náà.

Ọ̀rọ̀ ńlá tó jáde lẹ́nu ọ̀gá mi yẹn, ẹ bá mi fi pamọ́. Ó ń bọ̀ wá bá a.

Ó dé ẹnu ọ̀nà Ikú. Igi ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, ó kún fún ẹyẹ ẹ̀ga débi pé a kò rí imọ̀ rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀pẹ náà ni Agbọ́tán jókòó sí, ìyá àgbà tí etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí atẹ. Ọdẹ́rìnlọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ,” ni Agbọ́tán wí.

“Ìyá, kí Ikú wá mú ìyá mi, tàbí kó bá mi gba ìrora lára rẹ̀.”

“Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Ti ìyá rẹ ni mo bèèrè.”

“Ó ní òun fẹ́ kú.”

“Ó sì ní kí ni?”

“Ó parí síbẹ̀, Ìyá.”

“Kò parí síbẹ̀.” Agbọ́tán na ìka sókè, ẹyẹ ẹ̀ga kan sì bà lé ejìká Ọdẹ́rìnlọ. Ó la ẹnu, ohùn Àwẹ̀ró ló jáde: “Rìnlọ, mo fẹ́ kú, ṣùgb—” Ó dákẹ́. Ó tún sọ ọ́. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá mi ti bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu gan-an ló ń dúró sí. Ìgbà náà ni Ọdẹ́rìnlọ gbọ́ ohun tí gbogbo ẹyẹ orí ọ̀pẹ náà ń wí. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n, gbogbo èyí tí a ti pa mọ́ wọn lẹ́nu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó délẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀gá mi jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ó wá òwe. Ó ní: “Ìyá, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi.”

“Òótọ́ ni,” ni Agbọ́tán dáhùn. “Odidi tó wà nínú rẹ yìí, tìrẹ ni tàbí ti ìyá rẹ?”

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, mo ti bá erin jà, erin sì ni wọ́n gbé lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn, n kò lè dúró níwájú rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ náà kò lè dúró. Ó rántí ohun tó pariwo ní Ó-Tó, ojú sì tì í, ó sunkún bí ọmọdé.

Agbọ́tán jẹ́ kó sunkún tán. Ó gbé ife kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ewé kan sí ọwọ́ òsì. “Ẹni tó bá mu ife yìí yóò sùn, kò ní jí. Ewé yìí, bí ẹ bá lọ̀ ọ́ sójú egbò, Ìrora yóò sùn, ṣùgbọ́n kò ní fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ayé ìyá rẹ, kò sì ní yọ ọ̀kan kúrò. Mú ọ̀kan.”

“Mi ò lè mú un,” ni Ọdẹ́rìnlọ wí. “Ẹnu tó yẹ kó yàn án kò sí níbí. Ẹ jẹ́ kí n gbé méjèèjì lọ bá a, n ó dá èyí tó bá kù padà.”

“Kò sẹ́ni tó ń padà síbí láìjẹ́ pé a pè é. Kí lo fẹ́ fi dógò?”

Ọ̀gá mi kò ní oko níbẹ̀, kò ní ilé. Ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó wá ohun tó ti jẹ̀bi jù lọ. “Mo fi etí mi dógò.”

Agbọ́tán rẹ́rìn-ín títí àwọn ẹyẹ fi fò sókè. Ó na ọwọ́, ó já etí ọ̀tún Ọdẹ́rìnlọ bí ẹni já ilá, ẹ̀jẹ̀ kan kò sì jáde.

Bó ṣe padà sílé, ẹ má bi mí. Ẹni tó ń lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀nà kì í jìn fún un. Ọdẹ́bùnmi ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ife, ó mọ ohun tó jẹ́, ó sì fò mọ́ ọn láti gbà á dànù. Àwọn méjèèjì jọ wọ inú yàrá, wọ́n ń jà á gbà.

Ọdẹ́rìnlọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. “Màmá, ẹ dákun, ẹ parí ọ̀rọ̀ yín.”

Àwẹ̀ró rọra yí orí kúrò lára ògiri. Ó wo ọmọ rẹ̀. “Etí rẹ dà?”

“Mo fi dógò nítorí ọ̀rọ̀ tí mi ò jẹ́ kí ẹ sọ tán.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin náà rẹ́rìn-ín! Ó dùn ún wọra, ó sì rẹ́rìn-ín náà. “Ó yẹ kí wọ́n já méjèèjì,” ló wí. Ó mí, ó sì bẹ̀rẹ̀: “Mo fẹ́ kú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọwọ́ yín pa mí. Mo fẹ́ kú, ṣùgbọ́n ẹ yé fi agbo rú mi nínú láti ra ọjọ́ tí mi ò rán yín. Ìkòkò tó ti jinná, kí ló tún kù tó ń wá nínú iná? Ìrora yìí ló gba gbogbo orí mi, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ikú ni mo ń fẹ́ tàbí ìsinmi. Ẹ bá mi gbé e kúrò lọ́rùn mi ná, kí n lè ronú. Kí ẹ sì jẹ́ kí n dágbére. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti dágbére fún yín, ẹ̀ ń sọ fún mi pé ara á le.”

Ọdẹ́bùnmi sunkún. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n da ife yìí nù. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí.”

“Mo mọ̀, mi ò bá a dù ú. Ìrora ńkọ́, ta ló ni ín? Bí o bá mọ̀ ọ́n, wá sọ fún mi.” Àwẹ̀ró na ìka sí ògiri. “Gbé ife yẹn sórí pẹpẹ níbi tí mo ti lè máa rí i. Ìwọ kọ́ ni wọ́n gbé e wá fún. Rìnlọ, lọ ewé.”

Wọ́n lọ ewé, wọ́n fi lé egbò. Ẹ ò ní gbàgbọ́, kí ojú ọlọ tó gbẹ, ojú Àwẹ̀ró ti walẹ̀. Ó sùn, ó jí, ó bèèrè ẹ̀kọ. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ìdí amọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìdí amọ̀ ló ń wà. Ó ń mọ ìkòkò ní ìjókòó, gbogbo ìlú sì ń wá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó bú àwọn tó yẹ ní bíbú. Ó bẹ àwọn tí òun ti ṣẹ̀. Ó sọ fún Ọdẹ́bùnmi ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ pupa tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, kò sì sẹ́ni tó ta ìka yí orí ká. Ẹ̀rín ló ń jáde láti àgbàlá náà, àwọn tó ń kọjá rò pé ìyàwó ni wọ́n ń gbé.

Ó lò tó ìgbà tí àgbàdo fi gbó. Kò fọwọ́ kan ife náà. Aláǹtakùn ta òwú sí i lẹ́nu. Ọdẹ́rìnlọ bi í lọ́jọ́ kan bóyá kí òun dá a padà. Ó ní: “Jẹ́ kó wà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo wò ó pẹ́. Torí pé mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rù kò fi bà mí láti dúró.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́, ó ní kí Ọdẹ́bùnmi jẹ́ kí òun fara tì í díẹ̀. Ó fara tì í, ó sì lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ní ẹ̀mí kò gbọdọ̀ bọ́, ọrùn rẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí náà ti bọ́, kò sì pariwo. Àwọn ọdẹ yìnbọn títí ewé fi wọ́ lára igi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá mi gbé ife padà. Bó ti ń kọjá ní Ó-Tó, Ìyá Ẹlẹ́pà fi ẹ̀pà tuntun kún àpò rẹ̀. Agbọ́tán yẹ ife wò, ó rí i pé ó kún. Ọdẹ́rìnlọ gbójú sókè ọ̀pẹ, ó wá ẹyẹ ìyá rẹ̀ títí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti délẹ̀. Agbọ́tán wá gbé etí fún un, ṣùgbọ́n etí tó ti wà lábẹ́ ọ̀pẹ yẹn látìgbà náà, tó ń gbọ́ àwọn ẹyẹ, ti dàgbà. Ó ti tó ewé kókò. “Bóyá kí n gé e kéré?” ni Agbọ́tán wí. “Rárá o,” ni ọ̀gá mi dáhùn, “bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́.” Pẹ̀lú etí náà ló fi wọ Òkè-Amọ̀, ó gbé orí sókè bí ọba tó ṣẹ́gun, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Láti ìgbà náà, bí aláìsàn bá sọ ní Òkè-Amọ̀ pé òun fẹ́ kú, kò sẹ́ni tó ń pariwo èèwọ̀. Wọ́n á fa àpótí sún mọ́ ọn, wọ́n á ní, “Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín.” Ẹlòmíràn á ní, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí. Ẹlòmíràn á ní, ṣùgbọ́n ẹ bá mi pe àbúrò mi tí a jọ jà. Àwọn kan sì wà tí kò ní ṣùgbọ́n kankan. Ìyẹn la ṣì ń jiyàn lé lórí títí dòní. Ọ̀gá mi kò rí i yanjú, Ọdẹ́bùnmi kò rí i yanjú, èmi tí mo wúkọ́ sí ẹfọ̀n pàápàá kò rí i yanjú. Ṣùgbọ́n a ń gbọ́ wọn tán ká tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ó tó báyìí. Ẹ bá mi gbé àpótí yìí wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ fi àgbà sílẹ̀ lórí ẹní nílé wá jókòó síbí, kí lẹ tún ń wò lójú mi? Ẹ máa lọ. Ẹ mú etí dání.